Bí A Ṣe Ń So Píkáàpù Mọ́ Tírélà Gooseneck Láìsí Olùrànlọ́wọ́

Ìwé ìlàlóye fún àwọn awakọ̀ Yorùbá ní Amẹ́ríkà

Àwọn tí ìwé yìí wà fún

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ń fi píkáàpù fa tírélà gooseneck ní Texas tàbí ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà: ẹni tó ń kó màlúù tàbí koríko gbígbẹ, ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ oko, àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ hotshot, ìyẹn gbígbé ẹrù kánjúkánjú fún àwọn iléeṣẹ́. Ní Nàìjíríà, bí dírẹ́bà tírélà bá fẹ́ padà sẹ́yìn, mọ́tò-bọ̀ì á ti bẹ́ sílẹ̀, á máa lu bọ́dì ọkọ̀, á máa ké pé, "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó tó!" Lórí iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, awakọ̀ nìkan ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìwé yìí ṣàlàyé bí àmì tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣe ṣe lè rọ́pò ojú ẹni kejì, àti ìgbà tí kò sí àmì tó lè rọ́pò kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Ibi tí ìṣòro náà wà

Bọ́ọ̀lù irin kan wà láàárín ẹ̀yìn píkáàpù, lókè áásùlù ẹ̀yìn tàbí níwájú rẹ̀ díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní 2 5/16 ínṣì. Ọrùn tírélà yọ gòkè láti ara tírélà, ó sì tún tẹ̀ wálẹ̀ sínú ẹ̀yìn píkáàpù. Ní ìsàlẹ̀ ọrùn yìí ni kọ́pùlà wà, ìyẹn ihò irin tó máa ń dé bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tí ìkọ́ kan á sì tì í pa.

Láti orí àga awakọ̀, ẹ kò lè rí bọ́ọ̀lù náà, nítorí pé ó wà nísàlẹ̀ fèrèsé ẹ̀yìn. Apá òsì ni ẹ sì jókòó sí, nígbà tí bọ́ọ̀lù wà ní àárín gbùngbùn. Ohun tó bá dà bíi pé ó tọ́ lójú yín lè ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kámẹ́rà ẹ̀yìn tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi dandan lé fún ọkọ̀ tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 10,000 páùn lọ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 kò yanjú ìṣòro yìí: ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń wà, bí ẹ bá sì ti sọ ilẹ̀kùn náà kalẹ̀, ilẹ̀ ni kámẹ́rà á máa wò. Kámẹ́rà tó lè rí bọ́ọ̀lù ni èyí tí wọ́n fi sí ara iná bíréèkì òkè, lẹ́yìn orí ọkọ̀.

Ìwọ̀n tó ń tẹ bọ́ọ̀lù jẹ́ nǹkan bí ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Bí tírélà bá wọn 14,000 páùn, 2,100 sí 3,500 páùn ni ọrùn rẹ̀ á gbé lé ẹ̀yìn píkáàpù. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí orí sí àárín kọ́pùlà àti bọ́ọ̀lù, bó ti wù kó kánjú tó.

Ọjọ́ tí kọ́pùlà bá wọlé dáadáa ni kí ẹ ṣe àmì

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń wá àmì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so tírélà. Ìgbà tí tírélà ti wà lórí bọ́ọ̀lù, tí píkáàpù àti tírélà sì tọ́ síra wọn, ni àmì tó péye ṣeé ṣe. Ẹ mú téèpù aláwọ̀ títàn àti ọ̀dà díẹ̀, kí ẹ ṣe mẹ́rin yìí:

1. Àmì fèrèsé. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ẹ wo ẹ̀yìn láti orí èjìká ọ̀tún. Ibi tí ọrùn tírélà bá hàn sí lára dígí ẹ̀yìn, ẹ lẹ téèpù tóóró kan mọ́ ọn, ní ìnàró.
2. Àmì etí bọ́dì. Ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ etí bọ́dì ní ibi tó bá dọ́gba pẹ̀lú ọrùn tírélà lójú yín. Èyí ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti dúró.
3. Àmì ẹsẹ̀ jáàkì. Nígbà tí ẹ bá tú tírélà, tí kọ́pùlà sì ti ga ju bọ́ọ̀lù lọ ní ínṣì díẹ̀, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ẹsẹ̀ jáàkì níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ó ti mọ bó ṣe yẹ kó ga tó kí ẹ tó wọ ọkọ̀.
4. Àmì ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú kan náà ni tírélà máa ń wà, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú píkáàpù, lọ́tùn-ún àti lósì.

Àga tí ẹ bá sún tàbí dígí tí ẹ bá yí padà máa ń ba àmì 1 àti 2 jẹ́. Bí ẹlòmíràn bá wa ọkọ̀ náà, ẹ dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé àmì.

Kí ẹ tó fi ọkọ̀ sí rìfáàsì

- Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà tírélà. Tírélà tó bá yí lè fọ́ ọkọ̀, ó sì lè pa ènìyàn.
- Ẹ sọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkáàpù kalẹ̀. Bí ó bá wà lókè, ọrùn tírélà á wọ́ ọ ya.
- Ẹ rí i pé bọ́ọ̀lù dúró ṣinṣin. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ nígbà tí a kò bá lò ó, ẹ yí i sókè, kí ẹ sì tì í.
- Ẹ ṣí ìkọ́ kọ́pùlà sílẹ̀. Ẹ ká ṣéènì àti wáyà sórí ọrùn kí wọ́n má baà bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.
- Ẹ rìn yí ọkọ̀ ká. Ẹ wo ibi tí ọmọdé tàbí ẹran lè wà.

Bí ẹ ṣe ń padà sẹ́yìn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà díẹ̀, ó kéré tán gígùn píkáàpù méjì sí iwájú tírélà, kí ẹ lè rí àyè tọ́ ọkọ̀. Ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: bí tírélà bá hàn bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ wà lójú ìlà. Píkáàpù nìkan ló ń lọ báyìí, ẹ kò tíì máa ti tírélà, nítorí náà ibi tí ẹ bá yí sítíárìn sí ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ń lọ. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń yí sítíárìn púpọ̀ nígbà tó ti sún mọ́ tírélà ti pẹ́ jù.

Bí ẹ bá wà lọ́nà jíjìn, dígí ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Àmì fèrèsé kì í sọ òótọ́ níbẹ̀, nítorí pé apá òsì ni ẹ jókòó sí. Nígbà tó bá ku nǹkan bí mítà kan ni ó tó wúlò: ọrùn tírélà á máa sún bọ̀ wá bá téèpù náà. Bí ọrùn bá ti bá téèpù fèrèsé mu, tó sì tún bá téèpù etí bọ́dì mu, ẹ dúró.

Lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi jíà sí páàkì, ẹ fa hánbíréèkì, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wò bóyá kọ́pùlà máa kọjá lókè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti bọ́ọ̀lù láìfi ara kàn án. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà kò ka sísọ̀ kalẹ̀ wò sí àìmọṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́.

Bí kọ́pùlà kò bá bọ́ sórí bọ́ọ̀lù

Bí ó bá yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn nìkan, ẹ rọra sún ọkọ̀. Bí ó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má jà á níbẹ̀. Píkáàpù kì í rìn bí akàn: ẹ wà á síwájú tó gígùn ọkọ̀ kan, ẹ tọ́ ọ, kí ẹ tún padà wá. Ẹ má ṣe fi igi tàbí irin ti ọrùn tírélà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má sì retí pé ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò fà á wọlé. Kọ́pùlà tó bá bà lé etí bọ́ọ̀lù lè dà bíi pé ó ti wọlé, kó sì fò yọ lójú títì.

Sísọ kọ́pùlà kalẹ̀ àti dídè é

Ẹ ṣe é bí a ṣe tò ó yìí:

1. Ẹ fa hánbíréèkì, ẹ pa ẹ̀ńjìnnì. Ẹ fi jáàkì sọ ọrùn tírélà kalẹ̀ títí kọ́pùlà á fi dé bọ́ọ̀lù pátápátá.
2. Ẹ ti ìkọ́ kọ́pùlà, kí ẹ sì fi píìnì sí i.
3. Ẹ dán an wò: ẹ yí jáàkì padà bíi pé ẹ fẹ́ gbé ọrùn sókè. Bí ẹ̀yìn píkáàpù bá ń bá a gòkè, ìkọ́ ti mú. Bí ọrùn nìkan bá gòkè, kò tíì mú rárá.
4. Ẹ so ṣéènì méjèèjì mọ́ ìkọ́ tiwọn nínú ẹ̀yìn píkáàpù.
5. Ẹ so wáyà bíréèkì pàjáwìrì mọ́ ara píkáàpù, kì í ṣe mọ́ ṣéènì tàbí bọ́ọ̀lù. Bí tírélà bá já, wáyà yìí ni yóò yọ píìnì kan tí bátìrì orí tírélà yóò fi tẹ bíréèkì.
6. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì iná, kí ẹ wo iná bíréèkì àti iná ìyànà.
7. Ẹ gbé jáàkì sókè pátápátá, ẹ gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn padà, ẹ yọ wẹ́ẹ̀jì.
8. Ẹ fi ọwọ́ tẹ bíréèkì tírélà láti inú ọkọ̀, kí ẹ rọra gbìyànjú láti sún síwájú. Tírélà gbọ́dọ̀ di ọkọ̀ mú.

Ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ sọ

- Tírélà tó gbọ́dọ̀ ní bíréèkì gbọ́dọ̀ lè tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ bí ó bá já, kó sì dì í mú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bátìrì tó ti kú kò lè ṣe èyí, nítorí náà ẹ máa dán an wò.
- Ẹni tó ń kó ẹrù fún iṣẹ́ ajé láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà USDOT bí ìwọ̀n ọkọ̀ àti tírélà pọ̀ bá tó 10,001 páùn.
- Bí ìwọ̀n àwọn méjèèjì bá tó 26,001 páùn, tí ti tírélà nìkan sì ju 10,000 páùn lọ, awakọ̀ oníṣẹ́ ajé nílò ìwé àṣẹ CDL Class A. Ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ kọ sára ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò, bí tírélà tilẹ̀ ṣófo.

Nígbà tí ẹ bá ń tú u

Bí ẹ bá ṣe fi tírélà sílẹ̀ lónìí ni ẹ ó ṣe bá a lọ́la. Ẹ yan ilẹ̀ tó le, tó tẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì. Ẹ tọ́ píkáàpù àti tírélà síra wọn kí ẹ tó tú u, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí táyà, ẹ sọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kalẹ̀. Ẹ ṣí kọ́pùlà, ẹ yọ ṣéènì, wáyà àti púlọ́ọ̀gì, kí ẹ gbé ọrùn dé àmì ẹsẹ̀ jáàkì. Ẹ wa ọkọ̀ síwájú gbọọrọ, tó gígùn ọkọ̀ kan, kí ẹ tó yà.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀, kí ẹ fi sínú ọkọ̀

Wẹ́ẹ̀jì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìkọ́ àti píìnì. Ṣéènì méjì. Wáyà pàjáwìrì. Iná. Jáàkì. Bíréèkì.

Bí ẹ bá dá iṣẹ́ yìí dúró nítorí ìpè tẹlifóònù, tàbí bí ènìyàn kan bá dá yín dúró lẹ́nu rẹ̀, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí wẹ́ẹ̀jì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbéra, òfin ní kí awakọ̀ oníṣẹ́ ajé yẹ ẹrù rẹ̀ wò láàárín 50 máìlì àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá dúró fún ìyẹn, ẹ wo ìkọ́ kọ́pùlà àti ṣéènì pẹ̀lú.