Bí Ẹ̀kọ́ Ṣẹ́ẹ̀sì Bá Dúró Sójú Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, wọn ó máa wí pé kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ayò títa. Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aránṣọ kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún wọ dìsípẹ́ńsárì wa níbí ní Adó-Èkìtì. Ó ní orí ń fọ́ òun, ojú ń ta òun, òun kò sì lè sùn mọ́, kí n jọ̀wọ́ bá òun wá oògùn oorun. Mo ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó má sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ 148 lórí 94. Mo bi í pé, “Àbúrò mi, aago mélòó ni o ń sùn?” Ó wolẹ̀.

“Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣẹ́ẹ̀sì ni. Aago méjì òru, nígbà mìíràn aago mẹ́ta. Ó di oṣù márùn-ún báyìí tí mo ti wà lójú kan náà. Bí mo bá jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mejì, wọn á nà mí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti fi mí sílẹ̀.” Obì ni ó fi ń lé oorun lọ.

Ẹlòmíràn ìbá rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in, nítorí èmi náà ti wà nínú kòtò yẹn rí.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ṣẹ́ẹ̀sì ni ayò tí ẹni méjì ń ta lórí pátákó olójú 64, tí oníkálukú ní ọmọ 16: ọba, kúìn, ẹṣin àti àwọn yòókù. Ọba ẹnìkejì ni a ń há mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya, tí ó dàgbà ní Ìkòròdú tí ó sì kọ́ ayò yìí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, jókòó ní gbangba Times Square ní ìlú New York. Òun àti Shawn Martinez ará Amẹ́ríkà ta á fún 60 wákàtí, kí wọ́n lè fi wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ aláìní. Láti ọdún 2018 ni ó ti dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2025 ó tún padà lọ, ó sì ṣe 64 wákàtí. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni ọmọ mi ọkùnrin ra pátákó wálé, tí èmi náà sì bẹ̀rẹ̀. (Ìṣírí ni kí a fi ọkùnrin náà ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má fi àìsùn rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe.)

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí ohun tí n kò rí lánàá. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Mo ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayò, òpè tí mo jẹ́ ní oṣù kẹrin náà ni mo jẹ́ ní oṣù kẹjọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ àwọn ará ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ọkọ mi ní kí n kúkú kó ẹrù mi lọ sí ilé pátákó náà, kí n lọ fẹ́ ẹ.

Ìdúró sójú kan yìí kì í ṣe ti ṣẹ́ẹ̀sì nìkan. Ní 1897 àti 1899, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Bryan àti Harter, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ wáyà, àwọn tí ń fetí gba ọ̀rọ̀ tí a fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn ránṣẹ́. Wọ́n rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ a máa yára sí i, yóò wá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó tó tún gbéra. Àlàyé wọn ni pé ní àkókò ìdúró yẹn, etí tí ń gbọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń kọ́ bí yóò ṣe máa gbọ́ odidi ọ̀rọ̀. Àwọn tí ó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wọn rí i pé kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń dúró bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọ́ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo gba tiwọn gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni oògùn wà.

Ní ọdún 1973, Chase àti Simon fi pátákó ṣẹ́ẹ̀sì han ọ̀ta àti òpè fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, wọ́n ní kí wọ́n tò ó padà. Bí ó bá jẹ́ ayò tí a ta ní tòótọ́, ọ̀ta a tò ó padà ju òpè lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ náà sílẹ̀ rúdurùdu, ọ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju òpè lọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ tóbi ju tiwa. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ márùn-ún ni ó ń rí pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo.

Mo mọ èyí nínú iṣẹ́ tèmi. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru wá, èmi a máa fi ìka kà á: ojú ti jìn, ẹnu ti gbẹ, awọ tí a fà kò tètè padà. Kí n tó kà á tán, ọ̀gá kan ti pariwo mọ́ mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo rò pé a kò dá mi mọ́ iṣẹ́ yìí. Lónìí, kí ìyá ọmọ tó jókòó, ọwọ́ mi ti wà lórí omi iyọ̀-àti-ṣúgà. Ohun mẹ́ta ti di ẹyọ kan lójú mi.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó mú mi sọ èyí. Ẹni tí ń ta ayò oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ní ogún lóru kò fún ojú rẹ̀ láyè láti so nǹkan kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Àṣìṣe kan náà ni ó ń tún ṣe, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ohun tí ó tú mi sílẹ̀ ni ìwé kékeré olówó pọ́ọ́kú kan. Bí wọ́n bá nà mí, n kò ní ta òmíràn. N ó wá ibi tí ó ti bàjẹ́, n ó sì fi ìlà kan kọ ọ́. Nígbà tí mo ka ogún, mẹ́tàlá nínú wọn jẹ́ pé mo fi ọmọ kan sílẹ̀ láìní olùgbèjà. Kì í ṣe ọgbọ́n jíjinlẹ̀ ni mo ṣàìní, ojú ni n kò là! Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan ọmọ èyíkéyìí, mo ń bi ara mi pé kí ni ẹnìkejì fẹ́ jẹ. Mo ń fi ìdajì wákàtí ta ayò kan ní ìrọ̀lẹ́, kò ju méjì lọ. Bí wọ́n bá nà mí lẹ́ẹ̀mejì léraléra, mo ti ká pátákó nìyẹn, nítorí ìbínú ni yóò ta ẹ̀kẹta.

Àti oorun. Nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí àyè rẹ̀. Àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílò mẹ́sàn-án. Obì tí aránṣọ wa ń jẹ, èròjà inú kọfí wà nínú rẹ̀. Èyí tí ènìyàn bá jẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí ìdajì agbára rẹ̀ ṣì lè wà nínú ara ní aago méjì òru. Ó ń jẹ obì kí ó má baà sùn, ó sì wá ń wá oògùn tí yóò fi sùn. N kò fún un. Oògùn oorun kì í ṣe ohun tí à ń béèrè bí ẹni ra ẹ̀kọ. Dókítà ni ó ń kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ wí pé nọ́ọ̀sì sọ pé ṣẹ́ẹ̀sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru o. Wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti sọ pé ènìyàn ní àrùn náà. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí ó sì ti ń lo oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń kọ́ ayò yìí. Ẹ̀rọ inú fóònù a máa fi iye kan díwọ̀n agbára ẹni, ó sì ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́. Ìyá kan sọ fún mi pé òun ń yẹ ti ọmọ òun wò ní gbogbo alẹ́, pé bí ó bá ti wálẹ̀ òun a bá a wí. Mo bi í pé nígbà tí ó ń gbé ọmọ náà wá sí ìwọ̀n, ṣé ojoojúmọ́ ni à ń gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n ni? Oṣooṣù ni, lórí káàdì, kí a lè rí ibi tí ìlà náà ń lọ. Ọmọ tí ó yàgbẹ́ lóòórọ̀ kò rù.

Aránṣọ náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo ṣe ní kí ó ṣe, ó sì tún wá lẹ́yìn oṣù kan. 132 lórí 84 ni mo bá lára rẹ̀, orí kò fọ́ ọ mọ́. Mo béèrè ayò rẹ̀. Ó ní iye òun kò tíì kúrò lójú kan, àmọ́ òun ti kọ ìwé ayò méjìlélógún tí wọ́n fi nà òun, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni ẹṣin ẹnìkejì ti dojú kọ ọba àti kúìn òun lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń rí ẹṣin náà báyìí kí ó tó dé.