Abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ kò ráyè lọ gbà

Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ fún òwú àti ìbọ̀wọ́, ìgbà mìíràn sì wà tí oògùn máa ń tán. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó ti Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó, tàbí tó ń bá èèyàn tajà ní Muṣin, kì í sábà débẹ̀ rárá. Àìráyè ló ń dí irú wọn lọ́wọ́ ju owó lọ.

Láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n sábà máa ń fètò sọ́mọ bíbí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀gá ń wá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, ibẹ̀ ti tì. Bó bá sì ríbi yọ́ lọ, nọ́ọ̀sì kan lè wò ó látòkè délẹ̀ kó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ rẹ dà?" Obìnrin tó ti pé ọdún 18 kò nílò àṣẹ ọkọ kankan, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un? Ilé ló máa padà sí, kò sì ní débẹ̀ mọ́.

Kẹ́mísì ló kù, torí pé wọn kì í tètè tì lálẹ́. Postinor ni wọ́n máa tà fún un. Ohun tí oògùn yìí ń ṣe ni pé ó ń dá ẹyin obìnrin dúró kó má tètè jáde. Bí ẹyin bá ti jáde ṣáájú, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Bí oyún bá ti dúró, kò lè ṣẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó lò ó kíákíá, kó má kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Oògùn pàjáwìrì ni, kì í ṣe fún lílò lóòrèkóòrè. Ní ti omi iyọ̀, Andrews, àti káún pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, wọn kì í dènà oyún rárá.

Fún ẹni tí kò mọ ilé tí yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá ni mo rí pé ó bá a mu jù. Ọdún 3 ni òmíràn ń lò, òmíràn ọdún 5, ó sì lè ní kí wọ́n bá òun yọ ọ́ nígbà tó bá fẹ́. Abẹ́rẹ́ olóṣù 3 dára, àmọ́ ọjọ́ tó yẹ kó padà lọ gbà á lè bọ́ sí ìgbà tó lọ ṣe Iléyá nílé. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sayana Press wà, tí nọ́ọ̀sì lè kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún un fúnra rẹ̀.

Bó bá ń lo àwọn nǹkan wọ̀nyí, nǹkan oṣù lè ṣe ségesège, ó sì lè dáwọ́ dúró. Èyí ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ti ń kóra jọ síkùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀: oògùn náà ló mú kí awọ inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́, ohun tí yóò wá sílẹ̀ ló dín kù. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, oyún lè pẹ́ lóṣù mélòó kan kó tó dúró, ṣùgbọ́n kì í sọni dàgàn. Kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dènà HIV láfikún sí oyún.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá fipá bá a lò pọ̀, kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó lè dènà HIV wà níbẹ̀ pẹ̀lú. L'Ékòó, ibùdó Mirabel wà ní LASUTH, n'Íkẹjà, fún irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tipátipá gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ sọ ibi tí ilé ìwòsàn wà fún un, kí ẹ yọ̀ǹda àárọ̀ ọjọ́ kan fún un láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì bi í léèrè ohun tó lọ ṣe.