Ibùdókọ̀ Ńlá ní Ìkẹjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kan kò wọ Ìkẹjà náà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Agége ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Òṣòdì ní tirẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ojódù náà ní tirẹ̀. Níbi tí ọ̀nà púpọ̀ bá ti pàdé, èrò á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan kí wọ́n tó wọ òmíràn. Ibi tí a là kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní ibùdókọ̀ ńlá. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń pète rẹ̀, àti bí ó ṣe kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà Allen.

Kí ló kó èrò wá sí Ìkẹjà?

Rélùwéè wà lára ohun tó kọ́kọ́ kó wọn wá. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì ń gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. A dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkẹjà sì di olú ìlú rẹ̀ ní 1976.

Ilé iṣẹ́ ń pe òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń pe olóúnjẹ, olóúnjẹ ń pe alágbàtà. Lónìí, òpópónà Allen, tó so Ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ Ọ̀pẹ̀bí, kún fún ṣọ́ọ̀bù, báńkì àti ilé ìtura. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í sùn níbẹ̀. Agége, Ìjù àti Àgbàdo ni wọ́n ti ń jí wá.

Báwo ni nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀?

Lábẹ́ afárá Ìkẹjà, ẹ̀bá títì ni dáńfó àti mólúè ti ń kó èrò. Kọ́ńdọ́ á máa ké, bọ́ọ̀sì á dúró títí yóò fi kún. Oòrùn ń pa èrò, òjò ń pa èrò, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn kò sì rí ọ̀nà kọjá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí Ibùdókọ̀ Ìkẹjà. Ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambode ló kọ́ ọ. Ó ní òrùlé, ó ní ìjókòó fún èrò, ó sì ní ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n ilé nìkan kì í gbé èrò délé. Ètò ló ń gbé wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pète ibùdókọ̀ níláti béèrè nǹkan mẹ́rin.

Ìkínní: Èrò mélòó ni, níbo ni wọ́n sì ń lọ?

A kì í méfò èyí. A máa ń rán àwọn ènìyàn sí ìdíkọ̀ láti ka èrò ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Iye ọjọ́ Ajé kò lè bá ti ọjọ́ Àìkú mu. Iye tí a bá kà ni yóò sọ bí ilẹ̀ yóò ṣe tóbi tó, àti ọkọ̀ ibo ló yẹ kó pọ̀ jù.

Ìkejì: Báwo ni bọ́ọ̀sì yóò ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró?

Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, kí a jọ ṣe ìṣirò. Ká ní bọ́ọ̀sì kan ń kó èrò 40. Bó bá dúró fún ìṣẹ́jú 20 kó tó kún, bọ́ọ̀sì mẹ́ta péré ni yóò lo àyè kan láàrin wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ èrò 120. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5 ni ó ń dúró, bọ́ọ̀sì 12 ni yóò lo àyè kan náà. Ìyẹn jẹ́ èrò 480.

Ṣé ẹ rí i? A ò fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún ilẹ̀, síbẹ̀ èrò tó rí ọkọ̀ wọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí bọ́ọ̀sì máa lọ ní àkókò, bó kún bí kò kún. Ìdí nìyí náà tó fi dára kí èrò ti san owó kó tó wọlé, bí àwọn tó ń lo káàdì Cowry ti ń ṣe. Wíwá ṣéńjì a máa jẹ ìṣẹ́jú púpọ̀.

Ìkẹta: Báwo ni èrò yóò ṣe rìn láti ọkọ̀ kan dé èkejì?

Ẹ wo Òṣòdì. Ibùdókọ̀ tí a ṣí níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ọdún 2019, ní ilé mẹ́ta. Ọ̀kan wà fún àwọn tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, méjì wà fún ìrìn àjò inú Èkó. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ló so wọ́n pọ̀, kí èrò má baà máa sáré dá títì kọjá. Ní Ìkẹjà, a kọ́ afárá kí mọ́tò lè gba orí irin kọjá láìdúró de ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, arúgbó, àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn náà níláti rí ọ̀nà tirẹ̀.

Ìkẹrin: Níbo ni àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò lọ?

Oníbúrẹ́dì, olómi tútù, awakọ̀ dáńfó, gbogbo wọn ló ń wá oúnjẹ òòjọ́. Bí a bá lé wọn láìfún wọn láyè, wọn á padà sí ẹ̀bá títì. Èrò náà á sì tẹ̀ lé wọn, nítorí ibi tó yá ni ẹni tó ń kánjú ń lọ.

Ìrìn ìkẹyìn

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aránṣọ kan ń gbé ní Agége, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Allen. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin tí à ń pè ní Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàrin Àgbàdo àti Òyìngbò. Ó ń dúró ní Agége, ó sì ń dúró ní Ìkẹjà. Obìnrin yìí lè tètè dé Ìkẹjà. Àmọ́ Ìkẹjà kì í ṣe Allen. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà. Ó kù kó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá tàbí kórópe, tàbí kó fẹsẹ̀ rìn.

Bó bá tò fún ìṣẹ́jú 25 kó tó rí kẹ̀kẹ́, àkókò tí rélùwéè bá a fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Bí gọ́tà bá ya ẹnu sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí iná kò sì sí lálẹ́, ẹ̀rù á bà á láti rìn. Nítorí náà, ibùdókọ̀ kò parí sí géètì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló parí sí.

Kí ni àwa lè ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, tí ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ní irinṣẹ́ lọ́wọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ lójoojúmọ́: aago tí ẹ kúrò nílé, ìṣẹ́jú tí ẹ fi dúró de ọkọ̀, àti iye owó tí ẹ san. Ẹ mú un lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, kí wọ́n lè gbé e dé ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ní, "A ń jìyà," wọ́n lè ní kó fara dà á. Ẹni tó bá ní, "Ìṣẹ́jú báyìí ni ogún ènìyàn fi dúró níbi báyìí," ó ti fún apètè ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè

1. Ọdún wo ni Ìkẹjà di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó?
2. Bí bọ́ọ̀sì elérò 40 bá ń dúró fún ìṣẹ́jú 10, èrò mélòó ni àyè kan yóò gbé ní wákàtí kan?
3. Kí ló lè mú kí olùtajà padà sí ẹ̀bá títì?
4. Níbo ni ìrìn ìkẹyìn ti le jù ní àdúgbò tiyín?