Fraternity ní yunifásítì Amẹ́ríkà: ohun tó yẹ kí òbí bá ọmọ sọ kó tó lọ

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ẹ́ wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà níbí. A ti san owó, a ti di gàrí àti ata gígún sínú báàgì, a sì ti gbàdúrà. Ohun kan ló kù tí ọ̀pọ̀ wa kì í bá ọmọ sọ kó tó lọ, òun ni ọ̀rọ̀ fraternity, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tó ń fi lẹ́tà èdè Gíríìkì jẹ́ orúkọ. Ti àwọn obìnrin ni wọ́n ń pè ní sorority. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ tuntun wọlé, ibi tí ewu wà, àti ohun tí òbí lè ṣe.

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wá

Mo wà níbi ìkómọjáde kan ní Maryland tí bàbá kan ti ní: "Mo ti kìlọ̀ fún un, tó bá lè wọ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, kó má padà wá sílé mi mọ́." Gbogbo tábìlì ṣe àmín. Kò yà mí lẹ́nu, torí pé àwa tí a kàwé nílé mọ ohun tí ojú rí. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje, tí Wole Soyinka jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá Pyrates Confraternity sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn. Wọn ò dá a sílẹ̀ fún ìpànìyàn. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìbọn àti àáké sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́, títí kan George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá rántí ìyẹn ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ sétí.

Ṣùgbọ́n fraternity ti ibí kì í ṣe ohun kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ wọ́n, orúkọ wọn wà lára ilé tí wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ ń wọ aṣọ wọn kiri ní ọ̀sán gangan. Nnamdi Azikiwe fúnra rẹ̀, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Phi Beta Sigma. Ewu wà níbẹ̀ o, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí à ń bẹ̀rù. Torí pé ibòmíì la kọjú sí, ó lè gba ẹ̀yìn wọlé sí wa lára.

Bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ wọlé

Àkókò tí wọ́n ń wá ọmọ tuntun ni wọ́n ń pè ní rush. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí ọmọ kọ́kọ́ parí sẹ̀mẹ́sítà kan ná, kí wọ́n lè rí èsì ìdánwò rẹ̀. Wọ́n á gbé tábìlì síta, wọ́n á ṣe pizza ọ̀fẹ́, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kí ọmọ wá wo ilé àwọn. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ ìyà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín àti ọ̀yàyà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi ara yín sípò ọmọ yẹn ná. Jambite ni, kò mọ ẹnì kankan, òun nìkan ló ń dá jẹun. Gbogbo tíṣà ló ń fa orúkọ rẹ̀ ya. Ọmọkùnrin ọlọ́dún kẹta kan wá rántí orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n pàdé, ó tún bi í léèrè bí ìdánwò ṣe lọ. Ta ni ò ní fẹ́ irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìfẹ́ láti ní èèyàn tiwa ló ń fa ọmọ wọlé, kò sí òògùn níbẹ̀. Òun náà ló mú kí àwa náà dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀ níbí.

Lẹ́yìn rush, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á jókòó, wọ́n á dìbò. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n máa fún ní bid, ìyẹn ìwé ìpè. Tí ọmọ bá gbà á, ó di pledge, ọmọ tuntun tí kò tíì wọlé tán. Ó máa kọ́ ìtàn ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe ètò ìwọlé fún un. Owó wà nínú rẹ̀: ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni ní sẹ̀mẹ́sítà, ó sì lè wọ ẹgbẹ̀rún tí wọ́n bá nílé tí wọ́n ń gbé.

Ọ̀nà àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ díẹ̀. Alpha Phi Alpha ló ṣáájú, ní Cornell ní 1906. Mẹ́sàn-án ni wọ́n lónìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, lábẹ́ àjọ NPHC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Howard ní 1930. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó gbọ́dọ̀ ti ka ìwé dé ibì kan kó tó lè béèrè, ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ ti títí ayé, kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ní 1990, wọ́n fòpin sí ètò pledge àtijọ́ nítorí ìyà tó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀.

Ibi tí ewu wà gan-an

Àárín ìgbà tí ọmọ gba bid sí ìgbà tó wọlé tán ni ewu wà. Ìyà tí wọ́n fi ń dán ọmọ tuntun wò nígbà yẹn ni wọ́n ń pè ní hazing. Wọ́n lè máà jẹ́ kó sùn, wọ́n lè lù ú, wọ́n lè dójú tì í. Àmọ́ ọtí líle ló ń pa wọ́n jù.

Ní oṣù Kejì 2017, Timothy Piazza, ọmọ ọdún 19, gba bid ní Penn State. Ní alẹ́ tí wọ́n ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀, wọ́n rọ ọ́ lọ́tí, ó ṣubú látorí àtẹ̀gùn. Ó tó wákàtí méjìlá kí ẹnì kan tó pe 911, ó sì kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Max Gruver, ọmọ ọdún 18, kú ní LSU ní Louisiana. Wọ́n ń bi àwọn ọmọ tuntun ní ìbéèrè nípa ẹgbẹ́, ẹni tó bá gbà á ṣì á mu ọtí. Ní 2021, Stone Foltz, ọmọ 20, kú ní Bowling Green ní Ohio. Alẹ́ tí ọmọ tuntun ń mọ ẹni tó máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, àṣà wọn sì ni pé kó mu odidi ìgò ọtí kan.

Ẹ ṣàkíyèsí o, kò sẹ́ni tó yọ ìbọn sí wọn. Àwọn tó ń pè wọ́n ní àbúrò ló gbé ọtí lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí ì bá sì gba ẹ̀mí Piazza là kò ju pé kí ẹnì kan tètè tẹ fóònù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá lọ́nà tirẹ̀. A kọ́ ọmọ wa pé àgbà kì í parọ́, pé tí ẹ̀gbọ́n bá rán ọ níṣẹ́, ìwọ ṣáà dìde. Ẹ̀kọ́ dáadáa ni. Àmọ́ ọmọ tí a kò kọ́ rí pé ó lè wí pé "rárá, sà" fún ẹni tó jù ú lọ, báwo ló ṣe máa sọ ọ́ láàárín òru, nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń kígbe orúkọ rẹ̀? Tí a bá tún ti ní kó má padà sílé, ta ló fẹ́ pè?

Ohun tí òfin sọ

Ó ju 40 ìpínlẹ̀ lọ tó ní òfin lórí hazing. Pennsylvania àti Louisiana mú tiwọn le ní 2018, Ohio ní 2021, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè ṣẹ̀wọ̀n fún un. Ní oṣù Kejìlá 2024, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin Stop Campus Hazing Act fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin náà ní kí ilé ẹ̀kọ́ gbé orúkọ ẹgbẹ́ tó bá jẹ̀bi síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé rí i. Ẹ lò ó. Àmọ́ ẹ má retí pé ilé ẹ̀kọ́ máa pè yín lórí gbogbo nǹkan. Lábẹ́ òfin, bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, òun ló ni ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àwa tí à ń sanwó.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn

Àkọ́kọ́, ẹ má pàṣẹ, ẹ béèrè. "Ẹgbẹ́ wo ló wù ọ́? Kí ló wù ọ́ nínú wọn?" Ọmọ tí a bú á ṣì wọ ẹgbẹ́ náà, kò kàn ní sọ fún wa ni.

Ìkejì, ẹ jọ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ hazing ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ béèrè iye owó, àti iye ọ̀sẹ̀ tó máa fi ṣe pledge. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí ọmọ má sọ ibi tó ń lọ lóru fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ ni kó ti yà.

Ìkẹta, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ó lè kúrò nígbàkígbà, ì báà ti sanwó tán. Owó tó ṣòfò ṣeé wá, ẹ̀mí kò ṣeé rà.

Ìkẹrin, ẹ kọ́ ọ kó pe 911, fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin dáàbò bo ọmọ tí kò tíì pé 21 tó pe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ọtí ti gbé ṣubú, wọn ò ní torí pé òun náà mutí mú un. Ẹni tó ti mutí yó tí kò jí mọ́, a kì í gbé e sí yàrá pé kó sùn ún lọ.

Ìkarùn-ún, kí ọmọ mọ̀ pé kò sí aago tí òun pè tí ẹ ò ní gbé e. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gbé e, ìbínú lè dúró de ọ̀la.

Mi ò ní kí ọmọ yín wọ ẹgbẹ́, mi ò sì ní kó má wọ̀ ọ́. Àwọn kan ti rí ọ̀rẹ́ gidi, iṣẹ́ àti ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde lẹ́nu wa kí oṣù Kẹjọ tó dé, torí abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Àwọn àgbà sì ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ọ̀hún jìn sílé wa lóòótọ́, àmọ́ fóònù dé ibẹ̀.

Ọlọ́run á bá wa tọ́jú wọn, a ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Àṣẹ.