Sẹ́ẹ̀lì Orírun: Irú Rẹ̀ àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáárà

Sẹ́ẹ̀lì inú ara ènìyàn kò lóǹkà, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Púpọ̀ nínú wọn ni kò lè bí irú ara wọn mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í tán lára. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn egungun tí wọn kò tí ì gba iṣẹ́ kan pàtó. Bí wọ́n bá pín, àwọn kan a dúró gẹ́gẹ́ bí irú ìyá wọn, àwọn mìíràn a sì yí padà di sẹ́ẹ̀lì tí ó níṣẹ́. Àbùdá méjèèjì yìí, bíbí irú ara ẹni àti dídi irú mìíràn, ni a fi ń dá ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “stem cell” mọ̀. Kí ni kí á máa pè é ní Yorùbá?

2. Orúkọ

Ẹni tí ó bá gbé ìtumọ̀ “stem” ka orí igi oko yóò ṣì í túmọ̀. Láti inú èdè Jámánì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní 1868, Ernst Haeckel lo “Stammzelle” fún ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ó gbà pé ohun abẹ̀mí gbogbo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ wá. “Stamm” lè jẹ́ ìtì igi, ó sì lè jẹ́ ìran. Ọ̀rọ̀ ìran ni ó wà lọ́kàn Haeckel.

“Sẹ́ẹ̀lì ìyá” kò bá a mu, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì yòówù tí ó bá pín sí méjì ni a lè pè bẹ́ẹ̀. “Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀” dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé kì í di ògiri. A dábàá sẹ́ẹ̀lì orírun. Orírun ni ibi tí ìran ti ṣẹ̀: àwọn kan a ti ibẹ̀ lọ tẹ ìlú mìíràn dó, àwọn kan a dúró, orírun kò sì ní di ahoro.

3. Àwọn irú rẹ̀

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì orírun lè dà ni a fi ń pín in sí ọ̀wọ́. A lo mọ́fíìmù a- pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe di, a sì pa fáwẹ̀lì i jẹ níbi tí ó bá yẹ.

(i) Adigbogbo: ẹyin obìnrin tí àtọ̀ ọkùnrin ti wọ̀, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpín rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lè di odidi ọmọ pẹ̀lú ibi ọmọ.

(ii) Adẹ̀yàgbogbo: èyí ni ti inú ọlẹ̀ tí ó tó bí ọjọ́ márùn-ún. Ó lè di ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì gbogbo tí ó wà lára, ṣùgbọ́n kò lè dá di odidi ọmọ. James Thomson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ mú un dàgbà láti inú ọlẹ̀ ènìyàn ní 1998. Nítorí pé ọlẹ̀ náà ń bàjẹ́, àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Ní 2006, Shinya Yamanaka ní Jàpáánì fi jíìnì mẹ́rin dá sẹ́ẹ̀lì awọ eku padà sí ipò yìí. Ó ṣe ti ènìyàn ní 2007. Òun àti John Gurdon ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2012. A lè pe irú èyí ní adẹ̀yàgbogbo àtọwọ́dá.

(iii) Adẹ̀yàdíẹ̀: irú èyí tí ó wà nínú mùdùnmúdùn àti nínú ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́, tí ó ń di oríṣìíríṣìí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀.

(iv) Adẹ̀yàkan: irú èyí tí ó wà nínú kórópọ̀n ọkùnrin, tí kì í di ohun mìíràn ju àtọ̀ lọ.

4. Ìkìlọ̀ fún atúmọ̀ èdè

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín (iii) àti (iv) kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Láti wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, oníṣègùn lè pa sẹ́ẹ̀lì orírun inú mùdùnmúdùn aláìsàn, kí ó sì fi ti ọmọ ìyá rẹ̀ tí ara wọn bá mu rọ́pò rẹ̀. Ìtọ́jú náà léwu, ṣùgbọ́n bí ó bá yọrí, sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó pé ni yóò máa jáde. Bí atúmọ̀ bá wá kọ ọ́ pé “a ti pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì orírun rẹ̀”, òǹkàwé lè rò pé àrùn náà ti kúrò nínú ìran rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orírun ẹ̀jẹ̀ ni a pààrọ̀; orírun àtọ̀ tàbí ẹyin wà bí ó ti wà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, ọmọ wọn ṣì lè jogún àrùn náà.

Nítorí náà, kí á má ṣe kọ sẹ́ẹ̀lì orírun ní ìhòòhò. Sẹ́ẹ̀lì orírun ẹ̀jẹ̀ ni kí á kọ, tàbí sẹ́ẹ̀lì orírun awọ, tàbí ti ohunkóhun tí ó bá jẹ́. Bí ẹnìkan bá sì ń polówó abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì orírun tí ń wo gbogbo àrùn, ìbéèrè tí orúkọ yìí fi kọ́ wa ni kí á bi í: orírun kí ni?