Ọmọ Tí Ń Gun Àga Kì í Ṣe Olóríkunkun

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù 14 mọ̀ pé ọmọ náà kò gbọ́ òwe yìí rí. Yóò wọ́ àpótí ìjókòó lọ sí ìdí pẹpẹ, yóò gorí rẹ̀, yóò nàgà, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ba ohun tí a ti gbé pamọ́ fún un.

Ní ọjọ́ kan, mo yà kí obìnrin ọmọ ìlú wa kan ní Sábọ́n Gàrí, ní Kánò. Àkàrà ni ó ń dín lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, wà nínú yàrá. Ó ti fi ọ̀já so ó mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ọmọ náà ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo bi í léèrè ohun tí ó fà á. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Orí dúrọ́ọ̀mù omi ni mo bá a lánàá. Ìyá mi ń bẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ọkọ mi ń bẹ ní Ọ̀fà. Ta ni kí n gbé e fún?"

Èmi kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní agbo ilé tí a bí púpọ̀ nínú wa sí, ojú bíi mẹ́wàá ni ó ń ṣọ́ ọmọ kan ṣoṣo. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi, ìyàwó kékeré ń fọṣọ, àwọn ọmọ ńláńlá ń ṣeré kiri, àgbàlá sì fẹ̀ tó láti sáré. Ní ìdálẹ̀, yàrá kan ni tọkọtaya ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ṣítóòfù lẹ́nu ọ̀nà, kànga láàárín ilé. Ẹni tí ó bá bú obìnrin yìí kò tíì ṣe àjò rí.

Síbẹ̀, ọ̀já tí ó so mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Gígùn tí ọmọ ń gun nǹkan kì í ṣe ìwà burúkú. Iṣẹ́ tí ara rẹ̀ rán an ni. Nípa rẹ̀ ni apá, itan àti ìbàdí fi ń le, nípa rẹ̀ ni ojú fi ń kọ́ láti díwọ̀n bí nǹkan ti ga tó àti bí ó ti jìnnà tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2019, sọ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún kan sí méjì máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kí a má sì dè é mọ́ ojú kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ka ẹ̀yìn ìyá mọ́ ibi tí a ń de ọmọ mọ́. Èyí lè ya àwa tí a dàgbà lórí ẹ̀yìn lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí a má pọn ọmọ. Wọ́n ní kí a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là.

Ẹ má sì fi ọmọ yín wé ti aládùúgbò. Àjọ yìí kan náà wo ọmọ tí ara wọn dá ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Àwọn kan nínú wọn dá rìn ní nǹkan bí oṣù 8, àwọn mìíràn kò rìn títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pé oṣù 18; àwọn kan kò tilẹ̀ rákòrò rárá kí wọ́n tó dìde. Bí oṣù 18 bá kọjá tí ọmọ kò rìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní mú kí ó tètè rìn, a sì máa gbé ọmọ já sórí àtẹ̀gùn. Orílẹ̀-èdè Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2004.

Kí ni ó wá ń mú kí ọmọ kékeré máa ṣubú bẹ́ẹ̀? Orí rẹ̀ ni. Nígbà tí a bí i, orí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Nítorí náà, bí ọmọ ọdún kan bá bẹ̀rẹ̀ wo inú korobá, orí ni yóò kọ́kọ́ lọ, kò sì ní lágbára láti gbé ara rẹ̀ jáde. Omi tí kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ ti tó láti pa á. Ẹ da omi korobá nù lẹ́yìn ìfọṣọ, ẹ fi ọmọrí tí ó ní àgádágodo dé kànga, ẹ má sì fi àpótí tàbí odó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ọmọ a máa mọ gígòkè kí ó tó mọ sísọ̀kalẹ̀. A lè kọ́ ọ. Ẹ dojú ikùn rẹ̀ dé orí ibùsùn, ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kan ilẹ̀, kí ẹ sì máa wí pé, "Ẹsẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀." Bí ẹ bá ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ óò rí i tí yóò máa yí ìdí padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lé ohun tí kò lè gùn fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ẹ gbé ibùsùn àti àga kúrò lábẹ́ fèrèsé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè gba ọmọ dúró. Irin ìdáábòbò tí a tò ní òòró ni ó dára, nítorí àkàbà ni èyí tí a tò ní ìbú jẹ́ fún ọmọ, àlàfo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ínṣì 4 lọ. Ẹ kan kọ́bọ́ọ̀dù àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri. Kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ wà nínú ìgò ohun mímu, bí ó ti wù kí pẹpẹ ga tó. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí bí ó bá ń bì, kẹrosíìnì náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó fi orí gbá ilẹ̀, tí ó dákú, tí ó ń bì léraléra, tí ó ń tòògbé lọ́nà tí kò yẹ, tí gìrì mú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀. Ẹ má fà á lápá, ẹ má wọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo tún kọjá ní Sábọ́n Gàrí, ọ̀já ti kúrò lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Ọkọ obìnrin náà ti mú káfíńtà kan pákó dídán kan, tí kò ní ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀, mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òun àti obìnrin Ìgbò kan tí ń ránṣọ ní yàrá kejì ti jọ ṣe àdéhùn: ẹni yẹn ń ṣọ́ ọmọ méjèèjì ní àárọ̀ tí àkàrà wà lórí iná, òun náà ń ṣọ́ wọn ní ọ̀sán. Lórí ẹní, wọ́n ti ki àkísà sínú àpò ìrẹsì méjì. Ọmọ náà gun èyí tí ó ga jù, ó wò wá, ó yí ìdí sí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀.