Ta ló ń san owó àmì ohùn? Ìlànà àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù àti àkọtọ́ Yorùbá

Bí a bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, tí kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ àkọtọ́, tàbí pé ọ̀lẹ ni. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ìdí mìíràn wà tí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í sábà wò, ìyẹn owó. Ìlànà tí àwọn ẹnjiníà fi lélẹ̀ fún fóònù alágbèéká ló sọ àmì ohùn di ohun tí à ń sanwó fún. Ọ̀rọ̀ ìjọba sì ni pẹ̀lú, nítorí pé àwọn tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ lè ṣe nǹkan sí i.

1. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò lè gbé ju báìtì 140 lọ. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà bíìtì 1,120 ni gbogbo àyè tó wà. Nínú àtẹ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún GSM ní ilẹ̀ Yúróòpù, bíìtì 7 ni lẹ́tà kan ń gbà. Bí a bá fi 7 pín 1,120, a ó rí 160. Ibẹ̀ ni iye tí gbogbo ayé mọ̀ ti wá.

Ṣùgbọ́n àyè 128 péré ni bíìtì 7 lè dá sílẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àtẹ náà bá wọ inú iṣẹ́ tí a fẹ́ rán, gbogbo iṣẹ́ náà ni fóònù yóò kó lọ sí ìlànà mìíràn tí wọ́n ń pè ní UCS-2, níbi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba bíìtì 16. Lójú ẹsẹ̀, 160 di 70. Bí iṣẹ́ náà bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóònù yóò gé e sí apá-apá. Báìtì 6 nínú apá kọ̀ọ̀kan sì máa ń lọ fún ohun tí a fi ń so wọ́n pọ̀, débi pé 153 tàbí 67 ló ń kù. Apá kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ fóònù sábà máa ń ka owó lé lórí.

2. Ohun tí àtẹ náà gbà àti ohun tó kọ̀

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn lẹ́tà kékeré. Àtẹ GSM ní à, è, ì, ò, ù. Ó ní é pẹ̀lú. Kò ní á, í, ó, ú. Kò ní ẹ, ọ, ṣ tí àkọtọ́ Nàìjíríà ń lò, kò sì ní ɛ àti ɔ tí àkọtọ́ Benin ń lò. Nítorí náà, lórí fáwẹ̀lì tí kò ní àmì abẹ́, ọ̀fẹ́ ni ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn òkè ní tirẹ̀, orí é nìkan ló ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò sí onímọ̀ fonọ́lọ́jì tí yóò pín ohùn Yorùbá báyìí. Kì í kúkú ṣe nítorí Yorùbá ni wọ́n ṣe é: àwọn lẹ́tà mẹ́fà yìí gan-an ni àkọtọ́ èdè Ítálì sábà ń lò.

3. Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀:

Kò ní sí iná ní Kétu lọ́la, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ yín kúrò lára iná.

Bí a bá bọ́ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀, àyè 116 ló gbà: àtẹ̀jíṣẹ́ kan.

Bí a bá fi gbogbo àmì sí i, UCS-2 ló bọ́ sí. Nínú Unicode, ẹ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e lórí, nítorí náà ó gba àyè méjì. Irú rẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Àyè 125 ni gbogbo rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ méjì.

Ọ̀nà kẹta tún wà. Àwọn sọ́fítíwia kan máa ń tú lẹ́tà palẹ̀: e lọ́tọ̀, àmì abẹ́ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà di àyè 156: àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta. Bí a bá fi ɛ àti ɔ kọ ọ́, 125 náà ni nígbà tí a kò tú u palẹ̀. Bí a bá tú u, 142 ni, mẹ́ta náà sì ni.

Gbólóhùn kan náà, ìtumọ̀ kan náà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí oníbàárà bá jẹ́ 100,000, ẹni tó kọ Yorùbá dáadáa yóò sanwó àtẹ̀jíṣẹ́ 200,000 tàbí 300,000. Ta ni yóò dá akọ̀wé ilé-iṣẹ́ lẹ́bi bó bá bọ́ àmì náà dànù, tàbí bó bá kúkú fi Faransé kọ ọ́?

4. Ohun tó ń sọnù

Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, òǹkàwé lè fi òye gbé e. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. "O ti san owo ina": ṣé "o ti san" ni, èyí tó ń bá ẹni tó gbà á sọ̀rọ̀, àbí "ó ti san", tó ń sọ nípa ẹlòmíràn? Ta ló sanwó? "Oko yoo de lola": ọkọ ni àbí ọkọ̀? Ibi tí owó, oògùn tàbí ẹjọ́ bá ti wọ ọ̀rọ̀, irú iyèméjì yìí lè di wàhálà.

5. Ohun tí ìwádìí lè ṣe

Ìṣòro yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Nínú ìlànà 3GPP, àwọn èdè kan ti gba àtẹ tiwọn: Tọ́kì, Sípéènì àti Pọtogí, lẹ́yìn náà Híńdì, Bẹ̀ǹgálì, Tamil, Urdu àti àwọn mìíràn láti gúúsù Éṣíà. Kò sí èdè abínibí Áfíríkà kankan níbẹ̀. Àjọ méje ló para pọ̀ di 3GPP, láti Éṣíà, Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò sí nídìí ọbẹ̀, a kì í bi í bóyá iyọ̀ tó.

Bí èdè kan bá gba irú àtẹ bẹ́ẹ̀, àyè 155 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan yóò ní. Gbólóhùn 125 wa yóò wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Àmọ́ fóònù tó ń rán an àti èyí tó ń gbà á gbọ́dọ̀ mọ àtẹ náà, fóònù àtijọ́ kò sì ní mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà ó yẹ kí a wo ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Benin ní òfin 2017-20 ti ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára àti ìbánisọ̀rọ̀. Benin àti Tógò ló sì ní ARCEP tiwọn. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ ka iṣẹ́ tí a fi èdè ìbílẹ̀ kọ sí ẹyọ kan, bó ti wù kí apá rẹ̀ pọ̀ tó. Ìjọba náà lè pàṣẹ pé sọ́fítíwia tí òun bá rà kò gbọ́dọ̀ tú lẹ́tà palẹ̀. Èyí kò ní béèrè fóònù tuntun, ó sì ti sọ mẹ́ta di méjì. WhatsApp kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá tó wà lóko ló ní dátà.

Iṣẹ́ tiwa ni láti kó ẹ̀rí jọ. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni òǹkàwé ń ṣì kà nígbà tí kò sí àmì? Àmì wo ló pọn dandan jù? Bí a kò bá dáhùn, owó ni yóò máa yan àkọtọ́ fún wa.